Ọjọ́ Ìkómọ Ṣìkẹ́mi

Bí ẹ bá dé Ugbonla láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó là dáadáa, ẹ ó rí obìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀yìn ilé onípákó, tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa fì lókè omi, tó gbé láàpútọ́ọ̀pù lé itan, tó sì ń wò ó bí ẹni tí kò tíì jí tán. Ẹ má wulẹ̀ kí i. Kò ní dá yín lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga rárá, ẹ̀rọ ló ń dúró dè. Ìtẹ́olúwakìṣí lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn tán lórí omi? Ìtẹ́ là ń pè é.

Ìkùukùu máa ń bo omi nígbà yẹn. Bí ọkọ̀ kan bá ń kọjá, orí awakọ̀ nìkan lẹ máa rí, á máa yọ́ lọ lókè ìkùukùu láìsí ara, láìsí ọkọ̀, títí á fi pòórá. Ìtẹ́ fẹ́ràn wákàtí náà ju gbogbo wákàtí lọ. Ó ní nígbà yẹn, òun kì í mọ̀ bóyá ṣe lòun ń ronú ni àbí òun ń lálàá.

Ohun tó ń dúró dè nìyí. Òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn ló jọ ń kọ áàpù kan fún àwọn awakọ̀ ojú omi. Ẹnu Odò ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ etí òkun á mọ̀ pé ibi tí odò ti ń tú sínú òkun kì í ṣe ibi eré. Bí omi odò bá ń fà jáde tagbáratagbára, tí ìgbì òkun sì ń ru wọlé, tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọkọ̀ tó bá bọ́ sáàárín wọn ti di ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn. A máa ń sọ nígbà náà pé ẹnu odò ti tì. Bí omi bá wá rọlẹ̀, tó dúró jẹ́ẹ́, a ó ní ẹnu odò ti ṣí. Iṣẹ́ áàpù náà ni kó máa sọ fáwọn awakọ̀ láràárọ̀, aago tí ẹnu odò máa ṣí àti aago tó máa tì.

Ẹni márùn-ún, kálukú níbi tirẹ̀. Ìtẹ́ wà ní Ugbonla, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rejoice wà ní Igbokoda, àwọn yòókù wà ní Àkúrẹ́ àti Èkó. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ohun tí ọ̀kan kọ lánàá kò ba ti èkejì jẹ́? Ẹ̀rọ kan wà ní Igbokoda, nínú yàrá tí iná sólà kì í kú, òun ló ń bá wọn ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kó tiẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ yẹn á kó iṣẹ́ gbogbo wọn jọ, á kàn án pọ̀ di odidi, á dán an wò lọ́nà ogójì, lẹ́yìn náà á ju èsì sínú gúrúùpù Wọ́sáàpù, níbi tí àwọn márààrún, gbogbo awakọ̀ àti àwọn tó ń kan ọkọ̀ ti ń rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá yege, àmì aláwọ̀ ewé. Bó bá kùnà, àmì pupa. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ń gbà. Kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ pé pupa ló ń gbé jáde. Ìdánwò mọ́kàndínlógójì á yege, ẹyọ kan ṣoṣo á kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ó rò pé ó ń ba Ìtẹ́ nínú jẹ́. Rárá o! Bí àmì pupa yẹn bá ti yọ, ṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, á wẹ̀yìn wo inú ilé níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ má rò pé orí rẹ̀ ń dàrú.

Ọlọ́rundáre lorúkọ bàbá náà, kíkan ọkọ̀ sì niṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tó kàn bá ń jò, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pariwo rẹ̀. Bó bá kan ọkọ̀ tuntun tán, á tì í sómi lójú gbogbo àdúgbò, òun nìkan á jókòó sínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, á máa fi ọwọ́ pa pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní dá wọn lóhùn. Ẹni tó ni ọkọ̀ á máa kánjú, kò ní dá òun náà lóhùn.

Bàbá yìí kì í sùn di àárọ̀. Ìtẹ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Bí aago márùn-ún bá ti ń lọ lù, pákó ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: Bàbá ti dìde, ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, títí aago méje á fi kọjá. Ìgbà yẹn ló máa tó jókòó, tó máa béèrè oúnjẹ. Ọmọ ń dàgbà, bàbá ń rìn. Ọmọ lọ kàwé ní Igbokoda, ó ti ibẹ̀ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́, ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà ní Èkó nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, bàbá ṣì ń rìn. Nígbà tí òkun gbé ilé wọn àkọ́kọ́ lọ, Ìtẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé. Gbogbo èèyàn ní kí ló wá rí jẹ ní Ugbonla. Kò bá wọn jiyàn. Ó gbé sólà sórí ilé tuntun, ó ri ọ̀pá gígùn kan mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí nẹ́tíwọ̀kì lè máa wọlé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó sùn síbẹ̀, ìró pákó ló jí i.

Ohun tó ń lé bàbá náà dìde kì í ṣe àdììtú. Dèbórà, ìyá Ìtẹ́, ló bá omi lọ nígbà tí Ìtẹ́ wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún un. Ìyá náà ń lọ síbi ìkómọ ní òdì kejì ẹnu odò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bímọ. Ó dúró ní jẹ́tì, ó gbé agbọ̀n edé lọ́wọ́, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá Ìtẹ́, ṣé kí n máa lọ báyìí?” Ọkọ wo omi, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, “Máa lọ.” Aago méje ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọkọ̀ náà kò dé òdì kejì.

Kò sẹ́ni tó bi Ọlọ́rundáre léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n bá a sunkún, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n Ìtẹ́ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìbéèrè kan ló ń lé bàbá òun rìn láràárọ̀ láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n: ṣé ẹnu odò ṣí lóòótọ́ lọ́jọ́ náà àbí èmi ni mo wò ó ṣì? Ó dun Ìtẹ́ wọ eegun. Òun fúnra rẹ̀ kò rántí ojú ìyá yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló rántí, àti òórùn edé gbígbẹ. Nínú àlá, ìyá náà á máa rìn lọ lórí omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Ìtẹ́ á máa pè é, kò ní yíjú padà.

Ìtẹ́ náà ló mú ọgbọ́n ìdánwò ogójì wá. Ilé dé ilé ló ń lọ, tó ń bi àwọn àgbà pé, ọjọ́ wo lẹ rántí pé ẹnu odò tì? Ọjọ́ wo lẹ rántí pé ó ṣí? Ẹnìkan á ní ọjọ́ tí àwọn ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Ẹlòmíràn á ní ọjọ́ tí òkun gbé ẹja ńlá kan jù sórí iyanrìn, tí gbogbo ìlú wá a wò. Ìtẹ́ á wá déètì rẹ̀ kàn, á kọ ọ́ di ìdánwò. Ẹ̀rọ á ṣírò bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà, bí ìṣirò rẹ̀ bá bá ọ̀rọ̀ àgbà mu, ó yege nìyẹn. Mọ́kàndínlógójì pé. Ó ku ẹyọ kan, ti bàbá rẹ̀.

Oṣù mélòó kan ni Bàbá fi dákẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bó èèpo lára igi lọ́wọ́, kò gbójú sókè, ó kàn ní, “Ọjọ́ ìkómọ Ṣìkẹ́mi. Aago méje àárọ̀ ku díẹ̀. Kọ ọ́ pé ó tì.”

Ta ló wá mọ déètì ọjọ́ náà? Bíbélì tí wọ́n ń kọ irú ẹ̀ sí ti bá ilé àkọ́kọ́ lọ. Itẹ́ òkú pàápàá ti wà nínú òkun. Ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi, ọmọ tí wọ́n ń lọ kó jáde nígbà náà, ti di ìyàwó ilé ní Wàrí, káàdì ìbí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, ọdún 1996. Ọjọ́ kẹjọ la ń kó ọmọ jáde, ọmọ kékeré ilé wa mọ ìyẹn. Ìtẹ́ mú ọjọ́ ìbí, ó fi mẹ́jọ kún un, ó fi ránṣẹ́. Rejoice bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dáa. Ẹ̀rọ gbà á.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, pupa ló gbé jáde. Ó ní ìdánwò ogójì, ti Bàbá, ló kùnà: ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹnu odò tì, ìṣirò fi hàn pé ó ṣí.

Ìtẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣí! Yéè, ẹnu odò ṣí lọ́jọ́ náà! Ó fò dìde, láàpútọ́ọ̀pù fẹ́ẹ̀ jábọ́ sómi, ó sáré wọlé, ó ń pariwo, “Bàámi! Bàámi, ẹ̀rọ ní ó ṣí! Ẹ ò jẹ̀bi! Ohun tẹ́ ẹ rí lẹ sọ!” Bàbá gbé àáké sílẹ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́, pẹ́ gan-an, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó wá ní, “Ó ṣé, ọmọ mi.” Ìyẹn nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló jí Ìtẹ́. Aago márùn-ún kọjá, pákó kò dún. Aago mẹ́fà kọjá. Ó yọjú sí yàrá. Bàbá ń sùn, ó lanu sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara omi bọ̀ ń jó lórí àjà àti lórí ìwájú orí rẹ̀, kò mọ̀. Ó sùn títí oòrùn fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sunkún ayọ̀. Bí ó ṣe rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Láràárọ̀, ẹ̀rọ á ju pupa rẹ̀ síta, Bàbá á sì máa sùn lọ.

Àwọn tó kù kò rí pupa yẹn bíi tirẹ̀ o. Òfin kan wà tí àwọn márààrún fọwọ́ sí: bí pupa kan ṣoṣo bá wà, áàpù kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ awakọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn ni. Jọọlá, tó ń wa ọkọ̀ èrò ní jẹ́tì Ugbonla, kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi nínú gúrúùpù. “Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ ò tíì sè é jinná ni? Ebi ń pa wá o!”

Rejoice pè. “Àǹtí Ìtẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ìdánwò ogójì yẹn. Gbogbo ìyókù ló yege. Ó lè jẹ́ pé Bàbá ló ṣì í rántí, wọ́n ti dàgbà.”

“Má yọ ọ́.”

“Kó kàn máa pọ́n báyìí títí láé?”

“Mo ní má yọ ọ́, Rejoice. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.”

Kí ló fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe? Kò sí. Ó kàn fẹ́ràn pupa yẹn ni. Gbogbo ìgbà tó bá yọ, ṣe ló dà bíi pé ẹnìkan dìde lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ìlú tó ní Ọlọ́rundáre ò jẹ̀bi.

Ọjọ́rú ni, lọ́sàn-án gangan, ooru mú, omi ń dán débi tí kò ṣeé wò. Ìtẹ́ ti jẹ púpurú àti ọbẹ̀ ẹja, ó nà sórí ẹní, oorun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e. Fóònù dún. Ṣìkẹ́mi ni. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa yọ̀ o! Mo bí ọkùnrin làǹtì-lanti lánàá Ìṣẹ́gun. Ìkómọ di Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá.” Ìtẹ́ kí i, ó gbàdúrà fún un, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún dijú. Ọmọ tuntun jòjòló. Ìṣẹ́gun sí Ìṣẹ́gun. Á ra aṣọ ránṣẹ́ sí i. Ìṣẹ́gun sí Ìṣẹ́gun.

Ó lajú.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Ìṣẹ́gun tí wọ́n bí i jẹ́ ọ̀kan. Ọjọ́rú, méjì. Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta. Nígbà tó ka mẹ́jọ pé, Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí. A máa ń ka ọjọ́ ìbí gan-an mọ́ ọn. Méje péré ló yẹ kéèyàn fi kún un, òun fi mẹ́jọ kún un. Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó ti jẹ ìrẹsì ìkómọ kò lóǹkà! Ẹ má dá a lẹ́bi jù, ẹ̀yin èèyàn mi. Àjèjì ì bá ti béèrè pé kí ni mẹ́jọ yìí ń wá níbẹ̀. Àwa tí ọjọ́ kẹjọ ti mọ́ lẹ́nu, ojú wa rí mẹ́jọ, ó rò pé ilé ló wà, ó kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọjá lójú Rejoice náà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣé ìyẹn náà tó nǹkan? Lórí ilẹ̀, kò tó nǹkan. Lójú omi, ó pọ̀. Lójoojúmọ́ ni àkókò omi ń sún síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Ibi tí omi bá ti dúró jẹ́ẹ́ laago méje lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ pé ó ń fà jáde kíkankíkan ní aago méje ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀.

Ó fa láàpútọ́ọ̀pù mọ́ra. Ó pa mẹ́jọ rẹ́, ó tẹ méje. Kò fi ránṣẹ́ sí Igbokoda, orí ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ti ní kó ṣírò ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà wò. Omi ń fà jáde. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọlé. Ẹnu odò tì. Ó tì pátápátá.

Ìtẹ́ dá mẹ́jọ padà sáyè rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà dé. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jẹun mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó jí laago márùn-ún, ó tẹ́tí. Pákó kò dún. Bàbá ń sùn. Ìtẹ́ gbọ́ mímí rẹ̀ láti yàrá kejì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ò lè jí bàbá yìí. Kò sí ohun tó máa mú òun jí i.

Ó pe Rejoice. “Màá yọ ọ́ lọ́la.”

“Ọpẹ́ o!” Rejoice fò sókè, Ìtẹ́ gbọ́ bí àga ṣe ṣubú. “Àǹtí mi, mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ́!”

Ó rọrùn, àbí? Yọ ìdánwò kan, mọ́kàndínlógójì tó kù á yege, àmì á di aláwọ̀ ewé, áàpù á dé ọwọ́ awakọ̀, Bàbá ò sì ní mọ̀ láéláé. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Ìtẹ́ lọ́kàn. Nínú ogójì ọjọ́ náà, kò sí òmíràn tí omi tó ń fà jáde àti afẹ́fẹ́ òkun ti jọ pàdé báyẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò séwu, ẹ̀rọ kúkú ti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ó sọ ọ́ títí ó fi sú u.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló jókòó láti ṣe é. Oòrùn ti rẹlẹ̀, omi ti pọ́n bí epo, àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti ọjà ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohùn wọn ń tẹ̀ lé omi bọ̀ ṣáájú wọn. Ìtẹ́ ti gbé ìka lé e. Bàbá rẹ̀ jáde láti inú ilé, eruku pákó wà nínú irun rẹ̀, ó jókòó tì í, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ lókè omi bíi tirẹ̀.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mo fẹ́ yọ ìdánwò kan kúrò ni, Bàámi.”

“Èwo nínú wọn?”

Ìtẹ́ ò lè purọ́ fún un. “Tiyín ni.”

“Ó ti jẹrà ni?”

“Mo kà á ṣì ni, Bàámi. Mẹ́jọ ni mo fi kún ọjọ́ ìbí Ṣìkẹ́mi. Méje ló yẹ kí n fi kún un. Ẹ máà bínú.”

Ẹja kékeré kan ta jáde nínú omi, ó padà sínú rẹ̀. “Ìṣẹ́gun ni,” Bàbá ní. “Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, Ìṣẹ́gun ni wọ́n fẹ́ kó o jáde. Tún un ṣe.”

“Bí mo bá tún un ṣe, ó máa sọ pé—”

“Mo mọ ohun tó máa sọ.”

“Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Áàpù á jáde bákan náà.”

“Tó o bá ti yọ ọ́, kí ló máa fi hàn yín pé ẹ̀rọ yẹn dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀? Bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan nǹkan ní Èkó lọ́túnla, tí ẹ̀rọ gbàgbé ọjọ́ yẹn ńkọ́? Àmì yín á ṣì máa tutù bí ewé. Jọọlá á kó èrò sínú ọkọ̀, á máa lọ.” Ó na ọwọ́. “Èwo ni mo máa tẹ̀?”

Ìtẹ́ sọ mẹ́jọ di méje. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ hàn án, bàbá fi ìka rẹ̀ tó kún fún oje igi tẹ̀ ẹ́.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe gùn tó àfi ẹni tó bá ti dúró dè é. Oòrùn wọ̀. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, ìmọ́lẹ̀ kàn wà níbi gbogbo, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wá. Láàárín ìyẹn ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Dèbórà, ohun tí kò ṣe rí láyé Ìtẹ́. Ó ní eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo. Ó ní kì í mọ ọ̀rọ̀ orin kankan tán, ohùn ló máa ń fi dí ibi tó bá gbàgbé. Ó ní bó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bojú, bí Ìtẹ́ náà ṣe máa ń ṣe gan-an. Ìtẹ́ dijú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí ojú kan.

Fóònù dún. Ti Ìtẹ́, ti Bàbá, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ ewé. Ogójì nínú ogójì.

Gúrúùpù gbiná. Rejoice ní, “Ó yege! Gbogbo rẹ̀ ló yege! Ẹ kú oríire o!” Ẹni tó wà ní Èkó ń fi àwòrán ijó ránṣẹ́. Àwọn awakọ̀ ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì, Jọọlá ní ó ti jinná, kí wọ́n máa bù ú wá. Lẹ́yìn ilé ní Ugbonla, Bàbá ń wo àmì náà lójú fóònù rẹ̀.

“Mo ti mọ̀, Ìtẹ́.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tó o sáré wọlé tó ò ń pariwo. Ṣé èmi kọ́ ni mo dúró níbẹ̀ ni? Mo rí bí omi ṣe ń fà. Mo rí i dáadáa. Mo ní kó máa lọ, torí mi ò fẹ́ kó pẹ́ débi ìkómọ.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Inú ẹ ń dùn.” Ó fọwọ́ pa ojú. “Oorun yẹn náà sì dùn. Mo ní kí n sùn ún díẹ̀.”

Ìtẹ́ gbé orí lé itan bàbá rẹ̀, ó ké jáde, ó sunkún bí ọmọdé. Bàbá fi ọwọ́ kan pa á lórí. Ó fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sẹ́nu, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Èmi Ọlọ́rundáre ni mò ń sọ̀rọ̀,” ó ní. “Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ìdánwò ogójì yẹn, ìyàwó mi ni. Dèbórà ni. Omi ń fà lọ́jọ́ náà, mo rí i, mo sì ní kó máa lọ. Ẹ̀rọ yìí ní kò yẹ kó lọ. Òótọ́ ló sọ. Bó bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró.” Ó gbé ìka kúrò.

Ijó dáwọ́ dúró, ìkíni dáwọ́ dúró. Ìtẹ́ gbé orí sókè, ó ń wo fóònù náà. Wọ́n ń gbọ́ ọ. Orúkọ àwọn tó ti gbọ́ ọ ń yọ lójú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí ohùn kan tó wọlé, ohùn Jọọlá ni, kò fi ṣeré rárá.

“A ti gbọ́, Bàbá. Ẹ kú àmúmọ́ra. Aago mélòó ni ká gbéra lọ́la?”

Bàbá wo omi. Ó wo ojú ọ̀run. Ó na fóònù sí ọmọ rẹ̀, Ìtẹ́ nu ojú nù, ó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó kà á sókè fún wọn.

“Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí ọkọ̀ kankan má kúrò ní jẹ́tì ṣáájú ìgbà yẹn.”